Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Nọ́ńbà Tí 2 àti 5 Nìkan Kọ́

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni 1,000,000, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí mílíọ̀nù kan. Ní Mowe àti Ibafo lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ifọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, òun ni wọ́n fi ń ná ilẹ̀ àti ilé.

Ọ̀nà tí Yorùbá gbà dé orí rẹ̀ ti pẹ́. Láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Àádọ́ta irú ọ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ló di 1,000,000. Ní ṣókí: 40 × 50 × 10 × 50.

Bí a bá tú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí dé ibi tí wọn kò ti ṣe é tú mọ́, 40 jẹ́ 2 × 2 × 2 × 5. 50 jẹ́ 2 × 5 × 5. 10 jẹ́ 2 × 5. Nígbà tí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, 2 fara hàn lẹ́ẹ̀mẹfà, 5 náà lẹ́ẹ̀mẹfà. Kò sí òmíràn níbẹ̀. Inú èyí ni gbogbo ìwà nọ́ńbà yìí ti ń wá.

Nítorí pé 6 ṣe é pín sí méjì, tó sì ṣe é pín sí mẹ́ta, 1,000,000 jẹ́ 1,000 × 1,000, ó sì tún jẹ́ 100 × 100 × 100. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ní 1,000 mítà ní 1,000,000 mítà onígun mẹ́rin. Bí pulọ́ọ̀tì bá jẹ́ mítà 18 sí 36, pulọ́ọ̀tì 1,543 ni yóò gbà, bí a kò bá yọ ojú ọ̀nà.

Nọ́ńbà 49 ló lè pín in láìṣẹ́kù. A lè mú 2 láti ìgbà òdo dé ìgbà mẹ́fà, ọ̀nà méje nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 5. 7 × 7 sì jẹ́ 49. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn: 2 pẹ̀lú 500,000, 4 pẹ̀lú 250,000, 5 pẹ̀lú 200,000. Àmọ́ 1,000 kò ní ẹnì kejì ju ara rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí iye wọn kò fi ṣe é pín sí méjì. Bí a bá yọ 1,000,000 fúnra rẹ̀ kúrò, àròpọ̀ àwọn yòókù jẹ́ 1,480,437. Ó ju nọ́ńbà náà lọ, nítorí náà ó wà lára àwọn tí ohun tó ń pín wọn pọ̀ jù wọ́n lọ. Ti 28 yàtọ̀: 1, 2, 4, 7 àti 14 para pọ̀ jẹ́ 28 gan-an.

Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀, 999,999, jẹ́ 3 × 3 × 3 × 7 × 11 × 13 × 37. Ìdí nìyí tí pípín 1,000,000 sí 3, 7, 9, 11 tàbí 13 fi máa ń ṣẹ́ku 1 ṣoṣo. Bí ọmọ mẹ́ta bá pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà tí wọ́n rí lórí ilẹ̀ bàbá wọn, 333,333 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, náírà kan yóò sì ṣẹ́kù.

Ẹni tó bá fẹ́ pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ dọ́gba, kí ó kọ́kọ́ tú iye àwọn tó fẹ́ pín in. Bí 2 àti 5 nìkan bá wà níbẹ̀, tí èyíkéyìí kò sì ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, kò ní sí àṣẹ́kù.