Orúkọ tí Ó Ṣí Kúrò Lára Ẹ̀wù

Ní àkókò ìkórè, ní ọjọ́ eré ìje àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti nígbà òkú àgbà, ó ti di àṣà ní Ifọ̀ àti àwọn ìletò tí ó yí i ká kí ẹgbẹ́ dá ẹ̀wù kan náà, kí a sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí àyà rẹ̀. Púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ni a kì í fi ọ̀dà kọ mọ́: rọ́bà pẹlẹbẹ ni, tí ó ní gọ́ọ̀mù nínú, tí a gé ní àwòrán lẹ́tà, tí a sì fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá kò yàtọ̀ síra: a fọ ẹ̀wù lẹ́ẹ̀kan, etí lẹ́tà ká sókè, a fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ ìjọ ku ìdajì láyà ọmọ.

Wọn a máa wí pé ayédèrú ni rọ́bà náà. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ọwọ́ tí ó lẹ̀ ẹ́ ni ó máa ń jẹ̀bi. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ọ̀dọ́ tí ó yá owó ra ẹ̀rọ, tí ó gba iṣẹ́ ẹ̀wù 60. Bí ìyá mẹ́wàá bá dá ẹ̀wù padà, èrè ti lọ nìyẹn.

Gọ́ọ̀mù náà gbẹ. Ooru ni ó ń yọ́ ọ, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ni ó ń tì í wọ àárín fọ́nrán òwú, bí ó bá sì tutù, a dì wọ́n mú. Fún aṣọ òwú, ọ̀pọ̀ rọ́bà ń fẹ́ ooru bí 150 sí 160 ní ìwọ̀n Celsius, fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Pọlisítà kò lè gba tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ìwé tí ó bá rọ́bà wá, nítorí wọn kò dọ́gba.

Ẹni tí ó ń lo áyọ́ọ̀nù, kí ó da omi inú rẹ̀ nù, kí ó sì tẹ́ aṣọ lé orí tábìlì líle, kì í ṣe orí tìmùtìmù. Kí ó má ṣe wọ́ ọ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ aṣọ. Kí ó gbé e lé ojú kan, kí ó fi ara tẹ̀ ẹ́.

Iná mànàmáná tún ńkọ́? Ẹ̀rọ ìtẹ̀ púpọ̀ ń jẹ ju watt 1,000 lọ, èyí tí jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé. Bí iná bá sì rẹ̀ láti volt 240 sí 180, ooru tí irin ń rí gbà kò ju ìdajì lọ púpọ̀. Ẹ̀wù àkọ́kọ́ lè lẹ̀ dáadáa, kí ìkarùn-ún má lẹ̀, nítorí ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ti mu nínú ooru irin, a kò sì dúró kí ó tún gbóná. Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ara aṣọ fúnra rẹ̀. Àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ti mọ̀ ọ́n ṣáájú wa: ẹ̀kọ gbágùúdá tí a fi yàwòrán sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni kì í jẹ́ kí aró wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sítáàṣì ara ẹ̀wù tuntun ń dènà gọ́ọ̀mù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ní ìgbà òjò, aṣọ tí a rò pé ó gbẹ ṣì ní ọ̀rinrin. Nítorínáà ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní òfìfo fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin náà a di èéfín lábẹ́ rọ́bà, a sì gbé e sókè.

Bí ọ̀rá ojú rọ́bà bá ń gbé etí lẹ́tà bọ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ tún un tẹ̀. Kí oníbàárà má fọ ẹ̀wù títí ọjọ́ kan yóò fi kọjá. Kí ó yí inú rẹ̀ síta, kí áyọ́ọ̀nù má sì kan lẹ́tà. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ 60 náà, kí ó lẹ ẹyọ kan ṣáájú, kí ó dúró di ọjọ́ kejì, kí ó fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́ta, kí ó tó fọwọ́ kan 59 yòókù.