Wáyà Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà? Iná Máa Ń Rẹ̀ Lójú Ọ̀nà

Ẹni tó bá lọ ra wáyà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ní ṣọ́ọ̀bù ni pé, "Ṣé 1.5 ni àbí 2.5?" Ọ̀pọ̀ wa á kàn dáhùn pé, "Ti bọ́ọ̀bù ni," tàbí "Ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ni," ó parí. Nínú ilé yàrá méjì láàárín ìgboro Ìbàdàn, ìdáhùn yẹn lè tó. Ní Lálúpọn níbí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, kò tó. Ilẹ̀ wa fẹ̀. Mítà iná lè wà lára ilé lójú títì, kí ilé adìyẹ wà lẹ́yìn, kí bóhóòlù sì wà lópin oko. Wáyà lè rìn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ kó tó débi iṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ lónìí. Kò le rárá, ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín ti tó.

Kí ni 2.5 yẹn túmọ̀ sí?

Àwọn kan rò pé bí bàbà inú wáyà ṣe nípọn tó ni. Rárá o. Tí ẹ bá gé wáyà, tí ẹ wo ojú ibi tí ẹ ti gé e, bí ojú bàbà yẹn ṣe fẹ̀ tó ni 2.5 ń sọ, mm² ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wáyà 2.5 tí bàbà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹ bá wọn bàbà náà láti etí kan dé èkejì, nǹkan bíi 1.8 mm péré ni. Ti 1.5 jẹ́ nǹkan bíi 1.4 mm.

Ẹ wo hósì omi

Ẹ rántí hósì tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́. Agbára tó ń ti omi náà dà bíi fọ́ọ̀tì (V). Bí omi tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó dà bí áńpíà (A). Tí hósì bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tún gùn, omi tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ò ní lágbára. Bàbà náà ń dènà iná bẹ́ẹ̀: bó bá ṣe gùn tó ni ìdènà ń pọ̀ tó, bó bá sì ṣe nípọn tó ni ìdènà ń dín kù tó. Georg Ohm, ọmọ Jámánì, ló ṣàlàyé bí fọ́ọ̀tì, áńpíà àti ìdènà ṣe so kọ́ra nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1827.

Nǹkan méjì ni ìdènà yìí ń fà: wáyà ń gbóná, fọ́ọ̀tì sì ń dín kù lójú ọ̀nà.

Àkọ́kọ́: ooru

Láti mọ áńpíà, ẹ fi fọ́ọ̀tì pín wáàtì. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 V. Áyọ́ọ̀nù 1000 W ń fa 4.3 A. Kẹ́tù 2000 W ń fa 8.7 A. Tí ẹ bá fi méjèèjì sórí extension kan, 13 A ti pé nìyẹn.

Ibi tó ti léwu ni pé tí áńpíà bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Wáyà tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ lánàá lè yọ́ rọ́bà ara rẹ̀ lónìí. Ìdí nìyẹn tí brẹ́kà fi wà. Kì í ṣe fíríìjì ló ń ṣọ́, wáyà ló ń ṣọ́. Èyí ni ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò nínú ilé:

- 1.5 mm²: bọ́ọ̀bù àti fáànù, brẹ́kà 10 A
- 2.5 mm²: sọ́kẹ́ẹ̀tì, brẹ́kà 20 A
- 4 mm²: A/C tàbí ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, brẹ́kà 25 A
- 6 mm²: sítóòfù oníná, brẹ́kà 32 A

Tí brẹ́kà bá ń já, tí ẹnìkan ní kí ẹ fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ láìpààrọ̀ wáyà, ẹ má gbà. Ọlọ́dẹ lẹ fẹ́ lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Èkejì: ọ̀nà jíjìn

Ibí ni ọ̀rọ̀ àwa ará Lálúpọn wà. Fún áńpíà kan lórí mítà kan, àlọ àti àbọ̀, fọ́ọ̀tì tó ń sọnù nìyí: 1.5 ń pàdánù 0.029 V, 2.5 ń pàdánù 0.018 V, 4 ń pàdánù 0.011 V. Òfin iṣẹ́ iná ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, BS 7671, sọ pé kí àdánù má ju 3% lọ fún bọ́ọ̀bù, kó má sì ju 5% lọ fún ìyókù. 5% nínú 230 V jẹ́ 11.5 V.

Ká ní ẹ ní sumo 1 hp nínú bóhóòlù, tó ń fa 7 A, tó sì jìn sí mítà iná ní 120 m:

- 1.5: 0.029 × 7 × 120 = 24.4 V
- 2.5: 0.018 × 7 × 120 = 15.1 V
- 4: 0.011 × 7 × 120 = 9.2 V

4 nìkan ló yege. Ẹ sì kíyè sí i: 7 A kò tó nǹkan lójú wáyà 2.5. Kò ní gbóná, brẹ́kà ò ní já, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó dáa. Sumo ló ń jìyà nínú kànga níbi tí ojú ò tó. Tí NẸPA bá wá mú háàfù kọ́rẹ́ǹtì wá, ká ní 190 V, nǹkan bíi 175 V ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá sì fẹ́ gbéra, mọ́tò lè fa ìlọ́po márùn-ún áńpíà rẹ̀. Àdánù ti di 75 V nìyẹn. Á máa kùn, kò ní yí, kọ́ìlì rẹ̀ á máa gbóná títí á fi jó.

Àwọn èèyàn á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn. Ó lè jẹ́ wáyà o! Ẹ ro owó tí wọ́n máa gbà láti fa sumo jáde, láti tún kọ́ìlì wé, àti iye adìyẹ tí òùngbẹ máa pa nínú oòrùn, kẹ́ ẹ tó sọ pé wáyà 4 ti wọ́n jù.

Ẹ̀yin onísólà ńkọ́?

Tiyín tún le jù. Inverter tó ń lo bátìrì 12 V, tó bá fẹ́ gbé 1000 W, 1000 ÷ 12 = 83 A ló máa fà. Iṣẹ́ kan náà lórí 230 V, 4.3 A péré ni. Nítorí náà, ẹ gbé bátìrì sẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter, kí wáyà àárín wọn kúrú, kó sì nípọn, bíi 25 tàbí 35 mm². Ẹ jẹ́ kí iná 230 V ló rin ọ̀nà jíjìn. Ìdí kan náà ló fà á tí 11,000 V àti 33,000 V fi ń gba orí òpó kọjá: tí fọ́ọ̀tì bá pọ̀, áńpíà á kéré, àdánù á dín kù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ fi ọ̀bẹ ha bàbà náà. Bàbà gidi pupa dénú. Tó bá funfun nínú, alumíníọ̀mù tí wọ́n kun ní bàbà ni, ìdènà rẹ̀ sì ju ti bàbà lọ dáadáa. Wáyà tí wọ́n kọ 2.5 sí lára lè má ṣe iṣẹ́ 2.5.

Kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: wáàtì ohun tí iná máa gbé, jíjìn ọ̀nà tẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n, àti brẹ́kà tó máa ṣọ́ ọ. Ẹ ṣírò ooru, ẹ ṣírò àdánù, kẹ́ ẹ mú wáyà tó nípọn jù nínú ìdáhùn méjèèjì. Ẹ fi han oníṣẹ́ iná yín, kó wo ibi tí wáyà máa gbà, torí wáyà tó há mọ́ra lábẹ́ páànù gbígbóná ò lè gbé tó bó ṣe yẹ. Tó bá ní "2.5 náà ni gbogbo ayé ń lò," ẹ bi í pé gbogbo ayé dà, mítà mélòó ni bóhóòlù tiwọn fi jìnnà?