Ìwé Ìtàn Kékeré Dára Ju Oògùn Oorun Ọjà Lọ



Ní ọjọ́ Ajé kan, ìyá oníṣòwò kan wọ ilé oògùn wa, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní oògùn oorun. Èyí tí mo ń rà lọ́jà kò ràn mí mọ́." Mo wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 160 lórí 100. Mo ní, "Màmá, kí ni ẹ máa ń ṣe kí ẹ tó sùn?" Ó ní gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ òun ni òun máa ń ṣírò lórí ibùsùn.

Mo kọ̀wé fún un lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo sì kìlọ̀ fún un bí mo ti ń kìlọ̀ fún gbogbo yín: oògùn oorun tí kì í ṣe dókítà ni ó kọ ọ́ fún ni kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ó ń di bárakú. Ó ń gbé àgbàlagbà ṣubú lóru. Bí ó bá pàdé ọtí nínú ara, ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì ti mọ́ lára, kí ó má dá a dúró lójijì. Kí ó rí dókítà.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í bí ó bá mọ̀wé kà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Aláwìíyé ni òun fi kọ́ ọ. Mo ní kí ó wá Kúyẹ̀ rà, ìtàn ọmọ òrukàn tí J. F. Ọdúnjọ, ẹni tí ó kọ Aláwìíyé, gbé jáde ní 1964. Ọkàn tí ó bá ń bá ọmọ ọlọ́mọ rìn nínú ìtàn kò ní ráyè ṣírò gbèsè.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lò wọ́n bí a ti ń lo oògùn, olúkúlùkù ní àkókò tirẹ̀. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ kà á. Lápàdé, ọlọ́pàá tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń lé àwọn ọ̀daràn kiri nínú rẹ̀, àyà yín yóò sì máa já. Ẹ má gbé e wọ ibùsùn. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ti 1974, dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹkún wà ní ìparí rẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀ ná. Ní ti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa kà á. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ó ni ìtàn náà, kò sọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Ó ń sọ, ó ń lọ, ó sì ń padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ti kà fún ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Bí ẹ bá ti lé ní ẹni 40 ọdún, tí ẹ sì ń na ìwé jìnnà kí ẹ tó rí i kà, ẹ lọ yẹ ojú wò. Bí àkókò oorun bá tó, ẹ pa ìwé dé; àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7 ó kéré tán.

Ìyá náà padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Ìfúnpá rẹ̀ ti di 138 lórí 86. Oògùn dókítà ni ó ṣe èyí, n kò ní purọ́ fún yín. Ẹ má ṣe fi ìwé kíkà rọ́pò oògùn yín. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti ń sùn, òun kò sì dé ọ̀dọ̀ olóògùn ọjà mọ́. Bí ó ti ń dìde, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo ti ka Kúyẹ̀ tán. Èwo ló kàn?"