Agbọ́n Kékeré Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Wa Là

Ẹ̀yin ìyá wa l'ọ́jà Igbó-Ọrà àti Erúwà, gàrí àti láfún tí à ń wọ̀n lójoojúmọ́ yìí, díẹ̀ ló kù kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà kan.

Ní 1973 ni wọ́n rí kòkòrò funfun kan nílẹ̀ Kóńgò, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó ń fa omi ara ẹ̀gẹ́, ewé á ká jọ, ẹ̀gẹ́ ò ní ta. Kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn onímọ̀ IITA n'Íbàdàn, tí Hans Herren jẹ́ aṣáájú wọn, wá ọ̀tá rẹ̀ lọ sí ìlú rẹ̀. Agbọ́n tín-ń-tín kan láti Paraguay ni. 1981 ni wọ́n tú u sílẹ̀ n'Íbàdàn. Inú kòkòrò náà ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Owó ìjọba oríṣiríṣi ni wọ́n ná sí i, àgbẹ̀ ò san kọ́bọ̀.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn àgbẹ̀ yín: bí wọ́n bá ń fọ́n oògùn kiri lórí ẹ̀gẹ́, agbọ́n yìí náà á kú, kòkòrò á padà. Ẹ̀gẹ́ tí kò ta lóko, kí la fẹ́ tà lọ́jà?