Ẹ Má Gbé Jẹnẹrétọ̀ Wọlé Nítorí Olè

Ní àdúgbò tuntun kan lẹ́yìn Mowe, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé kan wà tí a máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí a bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Ọdún mẹ́sàn-án ni baba onílé fi kọ́ ọ, bílọ́ọ̀kù lórí bílọ́ọ̀kù, kí ìdílé rẹ̀ tó lè bọ́ lọ́wọ́ owó ilé. Ní ìgbà òjò kan, àwọn olè jí jẹnẹrétọ̀ méjì ní òpópónà náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ni baba bá gbé tirẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ṣí fèrèsé kan sílẹ̀ kí èéfín lè máa bá ibẹ̀ jáde, ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin, gbogbo ilé sì sùn.

Ọmọ tí ó kéré jù ni Olúwa lò. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ó jí, ó ń bì, ó sì ń sunkún. Ìyá rẹ̀ fẹ́ dìde láti gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó rá kòrò dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi àwo lu ilẹ̀kùn irin náà títí ọdẹ àdúgbò fi gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìrọ̀rí baba, baba kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Òòlù ni àwọn aládùúgbò fi já àgádágodo náà láti ìta.

Gbogbo wọn ló yè, a sì bá wọn dúpẹ́ ní ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó tì wọ́n ní pálọ̀ lẹ́yìn ìdúpẹ́, baba sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní: "Ẹ̀rù olè ló bà mí. Èmi fúnra mi ni mo gbé ohun tí ó burú ju olè lọ wọlé, tí mo sì tilẹ̀kùn mọ́ ara wa pẹ̀lú rẹ̀." Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé èéfín dúdú tí ojú ń rí ni ó ń pa ènìyàn. Rárá o. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn lójú. Bí a bá fà á símú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju bí ọ́síjìn tí a fi ń mí ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ènìyàn yóò máa mí, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní dé ọpọlọ àti ọkàn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sùn kò ní jí láti mọ̀ pé ewu dé.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀. Ẹ wo bí ó ti jọ ibà! Ẹlòmíràn á lo oògùn ibà, á sì padà wọ inú yàrá kan náà lọ sùn. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá bọ́ síta, ẹ má wá ẹ̀fọn kiri. Ẹ pa ẹ̀rọ.

Fèrèsé kan tí a ṣí sílẹ̀ kò tó. Fáráǹdà kò tó pẹ̀lú. Ó kéré tán, kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé ní mítà 6, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 20, kí páìpù èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. A ní ẹnikẹ́ni, nítorí lórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, fèrèsé yàrá aládùúgbò lè sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ yín ju tiyín lọ. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó wà nínú èéfín mọ́tò tí a tan sílẹ̀ nínú gáréèjì, àti nínú ìkòkò èédú tí àwọn màmá wa ń gbé wọlé nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Bí ẹ bá bá ènìyàn nílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ gbé wọn síta gbangba, ẹ sì sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112. A mọ̀ pé epo pupa àti mílíìkì ni ọwọ́ wa máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Wọn kò lè lé afẹ́fẹ́ yìí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí a bá sì rọ wọ́n sí ẹnu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, wọ́n lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ abẹ́ ìrọ̀rí ńkọ́? Olè ni ó kọ́ wa láti fi irin dí ojú fèrèsé, a kò sì lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ṣùgbọ́n irin tí kò jẹ́ kí olè wọlé kì í jẹ́ kí ọmọ jáde nígbà tí iná bá ń jó. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan kí ó lè ṣí láti inú. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ojú kan náà nígbà gbogbo, nítòsí, ṣùgbọ́n níbi tí ọwọ́ ẹni tí ó wà níta kò lè tó. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò lóru láì tan iná. A dán an wò nílé tiwa. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni a fi wá kọ́kọ́rọ́ kí a tó rí i. Ojú tì wá.

Àwọn kan lè sọ pé Olúwa ni ó ń ṣọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin Mósè kan náà, ní Deuteronomi 22:8, ni ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi yí etí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́ láti ibẹ̀.

Ní ti iná mànàmáná, láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ti gba iṣẹ́ pínpín iná, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì fi orúkọ NEPA sílẹ̀, iná náà kò sì tíì fi àṣà lílọ-bíbọ̀ sílẹ̀. Arábìnrin ń lọ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, iná lọ, ó gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó jáde. Iná dé nígbà tí a wà lẹ́nu orin ìyìn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ní kété tí iná bá lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gbọọrọ dípò fúùsì tí ó jó, nítorí fúùsì ni ó yẹ kí ó jó kí ilé má baà jó.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó máa ń wọ́ sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tan iná, ẹ má sì pa èyí tí ó ti wà ní títàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí gbogbo yín jáde. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná. Síhìn-ín ìta ilé ni ó dára kí sílíńdà wà.

Kànga ni èyí tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó kan aládùúgbò. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí kànga jìnnà sí ṣálángá tàbí sọ́kàwéè ní mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Púlọ́ọ̀tì wa sì rèé, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Kò sí bí a ṣe fẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ wọn ọ́n lórí ilẹ̀ tiwa nìkan. Ìpàdé àwọn onílé ni kí a ti sọ ọ́, kí a mọ ibi tí ti oníkálukú wà kí ẹlòmíràn tó gbẹ́ tirẹ̀. Títí di ìgbà náà, ẹ máa se omi mímu, ẹ sì fi ìdérí tí ó ní kọ́kọ́rọ́ bo ẹnu kànga, kí ọmọdé má baà yọjú sí i.

A tún kọjá ní ilé Mowe náà láìpẹ́ yìí. Baba ti kọ́ ilé kékeré kan fún jẹnẹrétọ̀ ní igun ọgbà lọ́hùn-ún, irin ni ó fi ṣe ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi ṣéènì de ẹ̀rọ náà mọ́ ilẹ̀ tí a fi kankéré rẹ́. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lórí ìṣó lára ògiri. Ìṣó náà ga nígbà tí baba kọ́kọ́ kàn án. Màmá ní kí ó yọ ọ́, kí ó kàn án wálẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lè tó.