Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Kọ Orúkọ Ọ̀tà

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà ni à ń ní kí wọ́n tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn a tẹ̀ ẹ́ tàmìtàmì bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé bá jáde, àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo ni yóò bá láàrin orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò kórìíra èdè Yorùbá o. Bí ó ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ló fa ọ̀ràn náà.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ló mọ̀, àmì méjì péré ló sì fi ń kọ gbogbo nọ́ńbà. Inú rẹ̀ kún fún ẹgbàágbèje nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń ṣiṣẹ́ bíi súìṣì: bí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, a kà á sí 1; bí kò bá gba ibẹ̀, a kà á sí 0. Súìṣì kan lè sọ ohun méjì, méjì lè sọ mẹ́rin, mẹ́ta lè sọ mẹ́jọ. Bí wọ́n bá pé mẹ́jọ, ohun 256 ni wọ́n lè sọ. Ẹni tó bá mọ Ifá díẹ̀ yóò ti rẹ́rìn-ín músẹ́ níhìn-ín, nítorí ojú mẹ́jọ ni babaláwo ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn, ẹyọ kan tàbí méjì ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí odù fi jẹ́ 256 gẹ́lẹ́.

Kí ẹ̀rọ tó lè kọ lẹ́tà, àwọn ènìyàn ní láti fẹnu kò lórí nọ́ńbà tí yóò dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1963, Amẹ́ríkà gbé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ jáde, tí à ń pè ní ASCII. Súìṣì méje ni ó ń lò fún lẹ́tà kan, nítorí náà àyè 128 péré ló ní. O jẹ́ 79, ìyẹn 64 pẹ̀lú 8, 4, 2 àti 1. T jẹ́ 84, A jẹ́ 65. Bí a bá tẹ OTA, ohun tí ẹ̀rọ tọ́jú ni 1001111 1010100 1000001. Kò sí àyè fún Ọ, Ẹ tàbí Ṣ níbẹ̀, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún.

Ní ọdún 1991 ni àdéhùn mìíràn, Unicode, jáde láti fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà. Lónìí, Ọ jẹ́ 7884, èyí tí í ṣe 1111011001100. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 768, nítorí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó kó Ọ̀ pọ̀ lódindi. Ibi tí wàhálà wà nìyí: O tí í ṣe 79 àti Ọ tí í ṣe 7884 kò bá ara tan lójú kọ̀ǹpútà. Bí orúkọ yín bá jẹ́ Ọlá lórí ìwé-ẹ̀rí, tí ó jẹ́ Ola ní báńkì, ẹ̀rọ lè kà yín sí ènìyàn méjì. Ètò kọ̀ǹpútà tí kò kọjá ASCII lè sọ Ọ di àmì ìbéèrè. Àpótí òfìfo ní tirẹ̀ sábà ń fi hàn pé nọ́ńbà náà pé, àwòrán lẹ́tà náà ni kò sí lórí ẹ̀rọ yẹn.

Kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ ka orúkọ yín bí ó ti hàn lójú ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bákan náà lórí NIN, ní báńkì àti ní ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tó ń ra ètò kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ọ̀tà sínú rẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ tún wá a jáde. Bí àmì ìbéèrè bá bá a jáde, ẹ dá ètò náà padà fún ẹni tó ń tà á.