Ìmọ́lẹ̀ tí ń Gbẹ́ Ẹyinjú

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981, ní ọjọ́ kejì àjọ̀dún Ìdúpẹ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Rangaswamy Srinivasan gbé àjẹkù tòlótòló lọ sí yàrá ìwádìí ilé iṣẹ́ IBM. Ó fẹ́ mọ ohun tí lésà kan, tí ojú kò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, yóò ṣe sí ẹran ara. Lésà náà gé e bí ẹni fi abẹ mímú gé e, kò sì jó ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ni ìbá rò pé àjẹkù oúnjẹ ni yóò ṣí ọ̀nà ìtọ́jú ojú?

Bí ẹyinjú ènìyàn bá gùn jù, ìtànṣán ìmọ́lẹ̀ a máa pàdé ara wọn kí wọ́n tó dé ẹ̀yìn rẹ̀; ohun tí ó jìnnà a sì ṣe bàìbàì. Ní ọdún 1983, oníṣègùn ojú Stephen Trokel àti Srinivasan fi hàn pé lésà yìí lè fá awọ mímọ́ gaara tí ó wà níwájú ẹyinjú díẹ̀díẹ̀, bí agbẹ́gilére ti í fá igi. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán fi lè dé ibi tí ó yẹ.

Ṣùgbọ́n awọ náà kò nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ, ohun tí a bá sì fá kúrò kò tún hù mọ́. Ìdí nìyí tí oníṣègùn fi gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ná. Ẹni tí tirẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù, awò ojú ni kí ó máa lò. Lẹ́yìn ogójì ọdún, àní ẹni tí a ti tún ojú rẹ̀ ṣe lè tún máa wá awò láti fi kàwé, nítorí inú ẹyinjú ni àárẹ̀ àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí lésà yìí kì í dé.